Ta Ló Ni Ín, Níbo Ló Sì Wà?

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, kinní kékeré kan já bọ́ láti inú ọkọ̀ ẹrù ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Australia. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 8. Caesium-137 ló wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ awakùsà Rio Tinto ló ń lò ó nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí òkúta irin tí wọ́n wà jáde ṣe ki tó. Wọ́n dì í sínú àpótí, wọ́n gbé e sọ́kọ̀, ó di ìlú Perth, ìrìn àjò nǹkan bíi kìlómítà 1,400. Nígbà tí wọ́n tú àpótí náà ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn, ẹ̀rọ ti tú ká nínú rẹ̀, bóòtù kan ti yọ, kinní ọ̀hún sì ti bọ́ sọnù sójú ọ̀nà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde fáyé gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kó tiẹ̀ má sún mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá dúró sí mítà 1 sí i fún wákàtí 1 péré yóò gba ìtànṣán tó ju èyí tí ìlànà àgbáyé fi àyè gbà fún ará ìlú láàárín ọdún kan gbáko lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń mọ ìtànṣán sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń wá a lọ wá a bọ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ yẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ẹ̀rọ bú sígbe. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti rí i, lápá gúúsù ìlú Newman, bíi mítà 2 sí ọ̀dà.

Ó ku ohun kan kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Àwọn ológun yẹ nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fín sí i lára wò, wọ́n fi wé nọ́ńbà tó wà nínú ìwé. Ó bá a mu. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé òun náà nìyẹn, pé kò sí òmíràn tó ṣì wà nílẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn àti ìwé yẹn ni àròkọ yìí dá lé. Káàkiri àgbáyé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orísun ìtànṣán ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, ọsibítù àti yunifásítì. Ìbéèrè méjì ló yẹ kí ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè dáhùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè: ta ló ni ín, níbo ló sì wà? Ibi tí ìdáhùn bá ti sọnù ni àwọn ènìyàn ti ń kú.

Bí a bá dárúkọ ìtànṣán, bọ́ǹbù átọ́míìkì tàbí yàrá X-ray ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ń lò ó láti mọ̀ bóyá ìgò tàbí agolo kún dé ibi tó yẹ kó kún dé. Àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ń fi wọn bí bébà ṣe nípọn tó lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń sáré. Àwọn tó ń ṣe títì ń fi mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti le tó kí wọ́n tó da ọ̀dà lé e. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo ń ki orísun americium bọ inú kànga lọ, kí wọ́n lè mọ irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ àti bóyá epo wà nínú rẹ̀. Syringe àti ìbọ̀wọ́ dókítà tó wà nínú ọ̀rá, cobalt-60 ló pa kòkòrò àìfojúrí inú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Gbogbo ìyẹn ló wúlò, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n má lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ̀rọ X-ray ń fẹ́ iná mànàmáná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì sí, ìtànṣán rẹ̀ á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Orísun bíi caesium àti cobalt kò ní súìsì. Iná wà o, iná ò sí o, ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ o, ó ti kógbá sílé o, wọn ò ní yé tan ìtànṣán jáde. Ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn rẹ̀, ara kì í sì í mọ̀ ọ́n títí yóò fi pẹ́ jù. Àtidín agbára wọn kù, ọwọ́ àkókò nìkan ló wà. Iridium-192 ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ láàárín ọjọ́ 74. Ti cobalt-60 ń gba ọdún márùn-ún àti díẹ̀, ti caesium-137 ń gba 30. Ti americium-241 ń gba ọdún 432. Ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ tó bá ra americium lónìí lè kú, kí àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ kú, kí àwọn ọmọ ọmọ wọn náà lọ, kí kinní náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣọṣẹ́.

Ẹ wo àwọn tó ń yẹ ọ̀pá epo wò. Bí wẹ́dà bá jó páìpù méjì pọ̀, ojú lásán ò lè sọ bóyá ihò tàbí sísán wà nínú ibi tó jó. Wọ́n ní láti ya àwòrán inú rẹ̀. Wọ́n á lẹ fíìmù mọ́ ara páìpù. Àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní kámẹ́rà: kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé e á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí irin tó ki gan-an ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀ kí ìtànṣán má bàa jò síta. Iridium kékeré kan wà lẹ́nu wáyà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á fi okùn pààlà yí ibẹ̀ ká, á lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn, òun náà á bọ́ sí ọ̀ọ́kán, á sì máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Wáyà á ti iridium jáde, á gba inú rọ́bà lọ sí ara páìpù. Bí àsìkò bá pé, á yí i padà sílé. Iṣẹ́ ò tíì parí o! Ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán lọ́wọ́, kó yẹ rọ́bà náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì yẹ kámẹ́rà wò, kó lè dá a lójú pé iridium ti wọlé. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ó wá fo ìṣẹ́jú méjì yẹn, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Peru, ní oṣù kejì ọdún 1999, irú iridium bẹ́ẹ̀ já bọ́ ní ibùdó iná mànàmáná Yanango. Wẹ́dà kan rí i nílẹ̀. Kò mọ ohun tó jẹ́, ó he é, ó sì jù ú sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ó bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yá, itan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó wọ mọ́tò lọ sílé, aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àárín òru ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín tó dé ilé rẹ̀ láti gbà á. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kúrò nígbẹ̀yìn.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní Brazil.

Ní ìlú Goiânia, ilé ìtọ́jú aládàáni kan wà tó ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ. Ní ìparí ọdún 1985, wọ́n kó kúrò nílé tí wọ́n wà lọ sí òmíràn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dání, wọ́n fi èkejì, tí caesium-137 wà nínú rẹ̀, sílẹ̀. Wọn kò fi tó àjọ tó fún wọn níwèé àṣẹ létí. Nínú ìwé ìjọba, ẹ̀rọ náà ní olówó. Lójú ayé, inú ilé tí wọ́n ti wó apá kan rẹ̀ ló wà, kò sílẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. Nǹkan bí ọdún méjì ló fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wọbẹ̀. Irin tí wọ́n lè tà ni wọ́n ń wá. Wọ́n tú orí ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ọmọlanke gbé e lọ sílé. Láàárín ọjọ́ méjì, èébì ti ń gbé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé oúnjẹ ló ṣe wọ́n. Wọ́n fi nǹkan gún agolo tó wà láàárín rẹ̀ títí ó fi lu, lẹ́yìn náà wọ́n tà á fún ọ̀gá àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ní alẹ́, ọ̀gá yìí rí i pé ohun tó wà nínú agolo náà ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ó yà á lẹ́nu, ó sì wù ú. Ó gbé e wọ yàrá. Ó pe àwọn aládùúgbò, ẹbí àti ọ̀rẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Àwọn kan bù ú lọ sílé, àwọn mìíràn fi pa ara, bí ẹni fi nǹkan ẹ̀ṣọ́ para lọ́jọ́ ọdún. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún 6 kan fi ọwọ́ tó fi ṣeré nínú rẹ̀ jẹun.

Ìyàwó ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ fura. Ó rí i pé gbogbo àwọn tó wà láyìíká ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mú èyí tó kù, ó dì í sínú àpò, òun àti òṣìṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kan gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì ìmọ́tótó ìlú. Lọ́jọ́ kejì, onímọ̀ físíìsì kan yá ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán, ó ń bọ̀. Kó tó dé ibẹ̀ rárá ni ẹ̀rọ náà ti kọjá àlà. Ó kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́, ó lọ mú òmíràn wá.

Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí pápá ìṣeré ńlá ìlú náà, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 112,000. Wọ́n bá caesium lára 249 nínú wọn. Ènìyàn mẹ́rin kú láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e: ọmọdébìnrin yẹn, obìnrin tó gbé àpò lọ sọ́fíìsì, àti méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Pósí tí wọ́n fi òjé tẹ́ nínú ni wọ́n gbé ọmọ náà sí, síbẹ̀ àwọn ará ìlú dí ọ̀nà itẹ́ òkú, wọ́n ń sọ òkúta, pé wọn ò gbọdọ̀ sin ín síbẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n kó kúrò nínú ìlú, ilé tí wọ́n wó, erùpẹ̀ tí wọ́n hú, àwọn aṣọ àti àga, kún tó mítà kúbíìkì 3,500. Caesium tó fa gbogbo èyí kò tó gíráàmù 100.

Kò sí ẹni tó gbèrò ibi nínú ìtàn yìí. Àwọn tó jí irin ń wá owó oúnjẹ. Ọ̀gá tó rà á ń ṣe òwò tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kúrò ní ibi tí ìwé sọ pé ó wà, tí wọn kò sọ fún àjọ tó yẹ kó gbọ́, tí ẹnì kankan láti àjọ náà kò sì wá wò ó.

Ní Mexico, ọsibítù kan ní Ciudad Juárez ra ẹ̀rọ cobalt lọ́dún 1977 láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ẹ̀rọ náà wà nínú ilé ìkẹ́rùsí fún nǹkan bí ọdún 6, títí ẹnì kan fi tà á fún oní-irin àlòkù. Wọ́n yọ́ cobalt pọ̀ mọ́ irin, wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìkọ́lé àti ẹsẹ̀ tábìlì. Ohun tó tú àṣírí ni pé ọkọ̀ kan tó gbé irú irin bẹ́ẹ̀ ṣìnà dé ẹnu ọ̀nà ibùdó ìmọ̀ átọ́míìkì Los Alamos ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1984, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà sì pariwo. Ká ní ọkọ̀ yẹn ò ṣìnà ńkọ́? Àwọn yunifásítì pàápàá ò mórí bọ́. Ẹ̀rọ ìwádìí kan tí Yunifásítì Delhi ní India ti pa tì láti ọdún 1985 ni wọ́n gbé sọ́jà gbàǹjo lọ́dún 2010. Àwọn oní-irin àlòkù ní àdúgbò Mayapuri rà á, wọ́n tú u, ènìyàn kan kú.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àjọ IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì tó fi Vienna ṣe ibùjókòó, ṣe gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2003. Àjọ náà pín àwọn orísun sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní ni àwọn tó lè pa ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan láìsí ohun tó bo ìtànṣán wọn mọ́lẹ̀, bíi cobalt ilé iṣẹ́ tó ń pa kòkòrò. Iridium àwọn tó ń ya àwòrán páìpù wà ní ìpele kejì. Ọ̀pọ̀ orísun inú kànga epo àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ilé iṣẹ́ wà ní ìpele kẹta, àwọn tó kù sì rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ìlànà náà sọ pé, ó kéré tán, kí gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìwé àkọsílẹ̀ fún ìpele kìíní àti ìkejì.

Kí ni wọ́n ń kọ sínú ìwé náà? Irú èròjà tó jẹ́, agbára rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n wọn agbára ọ̀hún, nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ẹni tó ni ín, ibi tó wà, iṣẹ́ tó ń ṣe. Kí ó tó wọ ìlú, ẹni tó fẹ́ kó o wọlé gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ. Fún àwọn tó lágbára jù, orílẹ̀-èdè tó ń tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi orílẹ̀-èdè tó ń rà á bóyá ó mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e láti ìlú kan sí òmíràn, wọ́n á fi tó àjọ létí. Bí ó bá ṣiṣẹ́ parí, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ṣe é tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí ìjọba yàn, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Àwọn aṣojú ìjọba náà gbọ́dọ̀ máa lọ fojú ara wọn rí i. Ìwé tí wọ́n kàn ń kọ nínú ọ́fíìsì láìjáde lọ wò ó, ìwé Goiânia nìyẹn.

Nàìjíríà kò pẹ́ rárá kó tó mọ̀ pé ìtànṣán kì í ṣe ohun eré. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́dún 1960, inú bí ìjọba wa débi pé ó lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní oṣù kìíní ọdún 1961. Lọ́dún 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ará ìlú lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ afẹ́fẹ́ àti omi wò, tí wọ́n sì ń ka báàjì tí àwọn òṣìṣẹ́ X-ray ń fi sáyà láti mọ iye ìtànṣán tó ti wọ ara wọn. Títí di òní, ilé ìwádìí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú ọgbà yunifásítì náà.

Ṣùgbọ́n òfin tó lágbára pẹ́ kó tó dé. Ọdún 1995 ni wọ́n tó ṣe é. Ó tún di oṣù kárùn-ún ọdún 2001 kí àjọ NNRA, tí òfin náà dá sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àbújá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamsideen Elegba sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Láàárín gbogbo ọdún tó ti kọjá, àwọn elépo ti ń kó americium àti iridium wọlé, wọ́n ń kó wọn jáde.

Àjọ náà ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí àdánwò dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, orísun americium méjì tí ilé iṣẹ́ kan ń lò nínú kànga epo sọnù láàárín Warri àti Port Harcourt. Wọ́n wá a títí. Ọdún 2003 ni wọ́n tó rí i, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà: Jámánì ló ti yọjú, láàárín irin àlòkù tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Yúróòpù. Rò ó wò ná. Kinní tó sọnù lójú ọ̀nà ní Niger Delta, ó ti ọwọ́ oní-irin àlòkù kan dé ti òmíràn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó la òkun kọjá, kí wọ́n tó dá a mọ̀ nílé onílé. Ní ọdún 2006, ìjọba gbé àwọn ìlànà tuntun jáde lórí ààbò orísun ìtànṣán, lórí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri, àti lórí iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán páìpù.

Ìlànà wà, àjọ wà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ìgbẹ̀yìn orísun. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ ń jèrè, ó rọrùn fún un láti gba ìwé àṣẹ. Ìgbà tó bá wọ gbèsè, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, tí báńkì ti ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò san owó tí wọn yóò fi dá americium padà sókè òkun? Ó yẹ kó jẹ́ pé kí wọ́n tó kó o wọlé rárá ni wọ́n ti fi owó ìdápadà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ó sì yẹ kí ìyà tó wà fún ẹni tó bá sọ ọ́ nù dun ẹni náà. Nígbà tí ti Australia ṣẹlẹ̀, owó ìtanràn tó ga jù lọ nínú òfin wọn kò ju dọ́là 1,000 lọ. Àwọn olórí wọn fúnra wọn sọ pé ó kéré jù.

Ẹ̀yin tó ni ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yin ọ̀gá ní yunifásítì, ẹ wọ ilé ìkẹ́rùsí yín lọ. Ẹ̀rọ tí ẹni tó ń lò ó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, ẹ má gbé e sọ́jà gbàǹjo.

Ẹ̀yin tó ń ra irin ní Òwòdé Onírin àti káàkiri ilẹ̀ wa, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn jù, torí irú iṣẹ́ yín ni àwọn kan lára àwọn tó kú ní Goiânia àti Mayapuri ń ṣe. Ẹ máa ṣọ́ra fún irin kékeré tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí òjé wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dí pinpin. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá àmì kan wà níbẹ̀: abẹ́bẹ̀ mẹ́ta dúdú tó yí ẹyọ àmì róbótó kan ká lórí àwọ̀ ìyeyè. Láti ọdún 2007, òmíràn tún wà tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 11, torí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ò mọ ti àkọ́kọ́: onígun mẹ́ta pupa, tí agbárí òkú àti ènìyàn tó ń sá lọ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má fi gáàsì gé e, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀yin náà jìnnà sí i, kí ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi tó NNRA létí ní Àbújá.